Ìbéèrè Tí Ìyá Kan Bi Mí Lẹ́nu Ọ̀nà: Ọkàn Tí Kò Lù Déédéé àti Èémí Tó Ń Dá Lójú Oorun



Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ń wá sọ́dọ̀ mi nítorí pé ọkàn wọn kì í lù déédéé. A fún wọn lóògùn. A fi iná mànàmáná dá ọkàn náà padà sójú ọ̀nà nígbà méjì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì tún yà kúrò kí oṣù mẹ́ta tó pé. Lọ́jọ́ kan, mo ti kọ ìwé oògùn tán, bàbá ti jáde, ni ìyàwó wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di fáìlì mọ́ àyà. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ má bínú o. Láti ọjọ́ tí a ti ń bọ̀, ẹ ò tíì bi wá bí Bàbá Ìbejì ṣe ń sùn." Mo ní kí wọ́n wọlé padà, kí wọ́n jókòó.

Wọ́n ní ọkọ àwọn a máa hanrun débi pé àwọn ọmọ ń gbọ́ ọ ní yàrá kejì. Ìyẹn kò já wọn láyà. Ohun tó ń já wọn láyà ni ìgbà tí ìhanrun náà bá dákẹ́. Á dákẹ́ lójijì bí ìgbà tí ènìyàn pa rédíò. Wọn á wá máa kà á nínú òkùnkùn: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó lè dé ogún, ó lè dé ọgbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni bàbá á ta gìrì, wọn á mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí jáde lábẹ́ omi, wọn á yí ẹ̀gbẹ́ padà, ìhanrun á tún bẹ̀rẹ̀. "Ìgúnpá ni mo fi máa ń gún wọn," ni ìyá wí, "kí wọ́n lè mí." Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń fi ìgúnpá gún ọkọ wọn.

Nínú ilé Yorùbá, ìhanrun kì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹni tó bá ń hanrun, a ní oorun wọ̀ ọ́ lára, a ní iṣẹ́ ọ̀sán ló rẹ̀ ẹ́. Bó bá sì ta jí lóru, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ní ohun kan fún òun lọ́rùn, orúkọ mìíràn la máa ń fún un: ògun òru. Mi ò wá síbí láti bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún náà dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí mo ti rí ẹni tó gbààwẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lórí ọ̀fun tó ń dí lójú oorun.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fun ọ̀hún. Bí oorun bá ti gbé wa lọ, gbogbo iṣan ara ló ń dẹ̀, tó fi mọ́ àwọn tó di ọ̀nà ọ̀fun mú. Ibẹ̀ kò ní egungun tó gbé e ró, ẹran rírọ̀ ló yí i ká. Lára ẹni tí ọrùn rẹ̀ ki, tàbí tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré, tàbí tí bẹ́lúbẹ́lú rẹ̀ tóbi, ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun méjèèjì á pàdé, ahọ́n á ṣubú sẹ́yìn, ọ̀nà á dí. Àyà àti ikùn á ṣì máa fà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kankan ò ní wọlé. Bí èyí bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10, a kà á sí ẹyọ kan. Ẹni tó bá ní 5 sí 15 láàárín wákàtí kan, tirẹ̀ ṣì fúyẹ́. Ẹni tó bá ní 15 sí 30, ó ti wọ̀ ọ́ lára. Bó bá kọjá 30, ó le. Ẹ ro 30 yẹn wò: ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú méjì-méjì. Láti aago mọ́kànlá alẹ́ di aago márùn-ún ìdájí, ó di ìgbà 180. Ẹni náà á sì jí láàárọ̀, á ní òun sùn. Àìsàn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní sleep apnea.

Inú àyà kan náà ni ọkàn wà. Ẹ di imú yín, kí ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ wá gbìyànjú láti fa èémí: ẹ ó rí i bí àyà ṣe ń wọnú. Ògiri yàrá méjì tó wà lókè ọkàn fẹ́lẹ́, agbára tó ń fa àyà wọnú yìí sì ń nà wọ́n. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ọkàn á kọ́kọ́ falẹ̀, nígbà mìíràn á tilẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Nígbà tí ọpọlọ bá wá ta ènìyàn jí díẹ̀ kí ọ̀fun lè là, omi ara tó ń múni sá fún ewu á tú jáde, ẹ̀jẹ̀ á ru, ọkàn á sáré. Ohun tí ara ń ṣe nígbà tí ejò bá yọ síni lọ́nà oko ló ń ṣe nígbà 180 lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, yàrá òkè ọkàn á fẹ̀, àpá á gba ibi tó jẹ́ ẹran dáadáa tẹ́lẹ̀.

Ohun tó kàn á tètè yé ẹni tó bá mọ ìlù dùndún. Ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ni gbogbo ènìyàn ń wò, ṣùgbọ́n gúdúgúdú ló di ìlù mú. Bó bá ṣe ń lọ ni àwọn yòókù ń tẹ̀lé. Nínú ọkàn, ibì kan kékeré wà lókè lápá ọ̀tún tó ń ṣe iṣẹ́ gúdúgúdú. Nínú àìsàn tí wọ́n ń pè ní atrial fibrillation, ibi púpọ̀ ló sọ ara wọn di gúdúgúdú lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá lẹ́nu àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró. Yàrá òkè kì í lù mọ́, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa ṣàn á dúró sí kọ̀rọ̀ kan ní yàrá òsì, á dì, èyí tó bá sì já lára rẹ̀ lè gba ọrùn lọ sínú ọpọlọ. Ìdí rèé tí àìsàn yìí fi ń sọ ewu rọpárọsẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún. Gbígbọ̀n ọkàn ni èmi á máa pè é títí mo fi máa jókòó.

Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti rí okùn tó so oorun mọ́ ọkàn. Ní 1983, Christian Guilleminault, ará Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Stanford, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa 400 ènìyàn tí èémí wọn ń dá lójú oorun: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ọkàn wọn ń ṣe ségesège lóru. Ìtọ́jú tó dájú láyé ìgbà náà ni kí wọ́n dá ihò sí ènìyàn lọ́rùn kó lè máa gba ibẹ̀ mí. Nígbà tí wọ́n ṣe é fún àwọn kan lára wọn, púpọ̀ nínú ségesège náà lọ. Ọ̀fun ni wọ́n tún ṣe, ọkàn ló sinmi.

Ta ni á fẹ́ kí wọ́n dá ihò sí òun lọ́rùn? Ní oṣù kẹfà 1980, ní Sydney ní Ọsirélíà, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé kọ̀ ọ́. Dókítà kan tó ń jẹ́ Colin Sullivan wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun dán ohun mìíràn wò: ìbòmú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ imú, àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé láìdáwọ́ dúró, kí afẹ́fẹ́ náà lè dá ọ̀fun dúró bí òpó ti ń gbé àtíbàbà ró. Lára àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ tò pọ̀ nígbà náà, mọ́tò ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku ilé wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà sùn mọ́jú. Ní 1981, Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ènìyàn márùn-ún jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Ẹ̀rọ yẹn ni a mọ̀ sí CPAP lónìí.

Ilé ìwòsàn Mayo ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà ló wá fi òǹkà sí okùn tó so oorun mọ́ ọkàn yìí. Ní 2003, wọ́n tẹ̀lé àwọn tí wọ́n ti fi iná dá ọkàn wọn padà, bí a ti ṣe fún bàbá wa. 39 nínú wọn ni èémí wọn ń dá lójú oorun. 12 ń lo ẹ̀rọ, 27 kò lò ó tàbí wọn kò lò ó bó ti yẹ. Kí ọdún kan tó pé, ọkàn ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò lò ó ti tún gbọ̀n. Lára àwọn tó lò ó, ìdá 42 ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn yìí kan náà fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tó ní gbígbọ̀n ọkàn tí àmì àìsàn oorun yìí wà lára wọn. Ní 2005, wọ́n wo ikú 112 ènìyàn tí ọkàn wọn dá dúró lójijì. Lára àwọn tí èémí wọn ń dá lójú oorun, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín aago méjìlá òru sí aago mẹ́fà àárọ̀. Lára àwọn tí èémí wọn kì í dá, ìdá 21 péré. Gbogbo wa la mọ gbólóhùn náà nílẹ̀ wa: wọ́n ní ó sùn, kò jí. Mo ti gbọ́ ọ níbi òkú púpọ̀, mo sì ń béèrè lọ́wọ́ ara mi nísinsìnyí bóyá ẹnì kan ti bi ìyàwó òkú rí pé báwo ló ṣe máa ń hanrun.

Ìtọ́jú mìíràn wà, tí wọ́n ń ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan itan dé inú ọkàn, kí wọ́n lè jó àwọn ibi tó ń pe ara wọn ní gúdúgúdú. Ìwádìí kan ní 2013 wo àwọn tí wọ́n ṣe é fún, tí èémí wọn sì ń dá lóru. Ọkàn ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo CPAP kò gbọ̀n mọ́. Lára àwọn tí kò lò ó, ìdá 37 ni. Ẹ jẹ́ kí n fi owó sọ ọ́. Ẹni tó ná àìmọye náírà sórí wáyà inú ọkàn, tí kò sì fọwọ́ kan ohun tó ń nà án lóru, ó kun ògiri tí òrùlé ń jò sí.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Nínú àwọn ìwádìí lórí CPAP tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹni tó fẹ́ lo ẹ̀rọ ló lò ó, ẹni tó bá sì gbọ́ràn sí ìtọ́jú kan sábà máa ń gbọ́ràn sí òmíràn. Ó lo ẹ̀rọ, ó tún lo oògùn, ó tún dín iyọ̀ kù. Èwo ló ràn án lọ́wọ́? Nítorí náà ni àwọn olùwádìí ṣe ń ṣẹ́ kèké: kèké ló máa sọ ẹni tó máa gba ẹ̀rọ. Ìwádìí ńlá kan, tí wọ́n ń pè ní SAVE, jáde ní 2016. Ènìyàn 2,717 ló wà nínú rẹ̀, láti orílẹ̀-èdè méje, Brazil wà lára wọn. Ẹ̀rọ náà kò dín ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù. Ní Norway, wọ́n ṣẹ́ kèké fún 108 ènìyàn tó ní gbígbọ̀n ọkàn, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sábẹ́ awọ àyà wọn kó máa ṣọ́ ọkàn tọ̀sán-tòru. Èsì rẹ̀ jáde ní 2021: lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ìgbà tí ọkàn fi ń gbọ̀n lára àwọn tó lo CPAP kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò lò ó.

Mo ka èsì méjèèjì yìí, mo sì ronú lé wọn fún ìgbà pípẹ́. Nínú SAVE, wákàtí 3.3 ni wọ́n ń lo ẹ̀rọ lóru kan, ní ìpíndọ́gba. Ẹni tó sùn fún wákàtí méje wá ń bọ́ òpó kúrò lábẹ́ àtíbàbà kí òru tó dé ìdajì. Wọ́n sì ti yọ àwọn tí oorun ń kùn jù lọ́sàn-án sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn ni àìsàn náà ń dà láàmú jù. Ní ti Norway, ọkàn tó ti ń nà láti ọdún mẹ́wàá, oṣù márùn-ún lè má tó láti tún un ṣe. Èrò tèmi nìyẹn, mi ò sọ pé ó di òfin. Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2023 sọ pé ó lè bọ́gbọ́n mu láti wá àìsàn oorun yìí lára ẹni tó ní gbígbọ̀n ọkàn, ṣùgbọ́n pé kò tíì dá wọn lójú bóyá ìtọ́jú rẹ̀ ló ń mú kí ọkàn máa lù déédéé. Mo fara mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ yìí nìkan á wo ọkàn yín sàn, ẹ má gbà.

Kí wá nìdí tí mo ṣe ń rọ̀ yín kí ẹ wá ìtọ́jú? Nítorí pé ẹni tó lò ó dáadáa kì í tòògbé lọ́sàn-án mọ́. Bí awakọ̀ ni, ẹ ro ti àwọn tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára olórí ohun tó ń ba ọkàn jẹ́ nílẹ̀ yìí. Àwọn kan tún wà tí ọkàn wọn ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lóru, tí wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ fi ẹ̀rọ tí ń ta ọkàn jí sí wọn láyà. Ìlànà 2018 ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ oorun wọn wò, nítorí tí èémí bá ti ń lọ geere, ìdúró náà lè lọ pátápátá. Iṣẹ́ abẹ tí kò yẹ kéèyàn ṣe nìyẹn, owó tí kò yẹ kó ná sì ni.

Èyí tó tún fún mi nígboyà wá láti Adelaide, ní Ọsirélíà. Níbẹ̀ ni Prash Sanders àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tọ́jú gbogbo ara ẹni tó ní gbígbọ̀n ọkàn pọ̀: ìwọ̀n ara, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, ọtí, àti oorun. Ní 2015 wọ́n fi hàn pé ẹni tó bá dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò sì jẹ́ kó padà, ìrètí pé ọkàn rẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ gbígbọ̀n jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ti ẹni tí kò dín in kù tó bẹ́ẹ̀. Bí ara bá ti ń fọn, ọ̀fun náà ń là. Ní oṣù kejìlá 2024, ìjọba Amẹ́ríkà tilẹ̀ fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ tirzepatide fún àwọn tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ tí èémí wọn sì ń dá lójú oorun.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú lọ́nà tó dùn mí. Ní ìlú Jackson ní Mississippi, wọ́n yẹ oorun àwọn ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà wò. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni èémí rẹ̀ ń dá dé ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n tọ́jú, ṣùgbọ́n nínú àwọn wọ̀nyí, ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni dókítà ti sọ fún rí. Ohun mìíràn tún wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti ka ọ́síjìn máa ń purọ́ lórí awọ dúdú. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ìgbà tí ọ́síjìn aláwọ̀ dúdú lọ sílẹ̀ tí ẹ̀rọ náà kò sì rí i fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ẹ̀rọ ìka yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń yẹ oorun wò nílé. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní London àti Houston, bí èsì bá jáde pé kò sí nǹkan, tí ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sì ń sọ pé nǹkan wà, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe.

Nílé níbí, ibi tí wọ́n ti ń yẹ oorun wò kò pọ̀, ẹ̀rọ sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kò wọ́n. Ní Toronto ní 2008, Frances Chung àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìbéèrè mẹ́jọ jọ tí nọ́ọ̀sì lè bi ènìyàn kó tó mu omi tán. Ṣé o ń hanrun sókè? Ṣé ó ń rẹ̀ ọ́ lọ́sàn-án? Ṣé ẹnì kan ti rí i kí èémí rẹ dá? Ṣé o ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Yòókù jẹ́ ti ìwọ̀n ara, ọjọ́ orí tó ju 50, ọrùn tó ju sẹ̀ǹtímítà 40, àti jíjẹ́ ọkùnrin. Téèpù télọ̀ tó láti fi wọn ọrùn. Fóònù ọwọ́ yín sì tó láti fi gba ohùn òru sílẹ̀ fún dókítà.

Ẹni tí kò tíì lágbára ẹ̀rọ, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Bí a bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn ni ọ̀fun ń dí jù. Àwọn kan ń rán bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù kí wọ́n má bàa yí padà. Kó yẹra fún ọtí lálẹ́, ìbáà ṣe bíà tàbí paraga, àti fún oògùn oorun tí dókítà kò kọ, nítorí wọ́n ń mú ọ̀fun dẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Kó má sì dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró láé nítorí pé oorun rẹ̀ ti dára. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ, kó mọ̀ pé ibi tó ń mú omi gbóná lára rẹ̀ ló ń jẹ iná jù; bó bá pa á, bátìrì ínfátà lè gbé e di àárọ̀. Àwa dókítà náà, ẹ jẹ́ ká gbọ́: gbígbé ẹ̀rọ léni lọ́wọ́ kì í ṣe ìtọ́jú. Ìbòmú a máa ha imú, a máa gbẹ ọ̀nà ọ̀fun. Bí a kò bá pe ẹni náà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, inú àpótí la ó ti bá ẹ̀rọ náà.

Bàbá wa rí ẹ̀rọ lò; ọmọ wọn kan ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ le, wọ́n ń bọ́ ọ dànù lóru. A pààrọ̀ ìbòmú náà nígbà méjì kó tó bá ojú wọn mu. Ọkàn wọn ti tún gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà, a sì tọ́jú rẹ̀. N kò lè búra pé ẹ̀rọ ló jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Nígbà tí wọ́n padà wá lóṣù kẹrin, ìyá ni mo kọ́kọ́ bi léèrè bí bàbá ṣe ń sùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ ló ń jí àwọn báyìí. Ilé pa lọ́lọ́ lóru, wọn á ta jí, wọn á na ọwọ́ nínú òkùnkùn, wọn á gbé e lé bàbá láyà títí wọn á fi rí i pé ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, kí wọ́n tó sùn padà.